Eyín Mẹ́rin Lórí Ìjókòó Ẹ̀yìn

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi han ayé pé mo ti mọ iṣẹ́, ọ̀bẹ ni mo fi gbẹ́ eyín ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ má tíì pariwo. Eyín pílásítà ni. Ṣùgbọ́n inú ẹnu èèyàn gidi ni wàhálà rẹ̀ parí sí, ẹnu Tíṣà kan láti Òkè-Ọ̀dàn tó tún máa ń wàásù lọ́jọ́ ìsinmi. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí mo máa sá sí kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ wa ni ká máa ṣe eyín àtọwọ́dá fún ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Dókítà á fi nǹkan rírọ̀ kan tẹ ẹnu onítọ̀hún, á fi ránṣẹ́ sí wa, àwa á da pílásítà pípò sínú rẹ̀. Tó bá ti le, ẹnu ẹni náà ti wà lórí tábìlì wa nìyẹn, láìsí ahọ́n tí yóò máa bá wa rojọ́. Orí pílásítà yẹn la ó ti ṣe àwo pẹlẹbẹ tí eyín àtọwọ́dá ń jókòó lé, kó lè bá ẹnu olówó ẹ̀ mu rẹ́gí.

Ẹnu Tíṣà dé. Eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti lọ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn mẹ́rin iwájú ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò tò. Ọ̀kan yọrí síwájú, èkejì sá sẹ́yìn, ẹ̀kẹta kọ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ẹ̀kẹrin sì gùn ún léjìká. Mo wò ó títí. Mo ní, ‘Há, pílásítà yìí ti yẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé nǹkan rírọ̀ yẹn wá ló jẹ́ kó mì.’ Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ò sí nílé. Mo mú ọ̀bẹ, mo gbẹ́ èyí tó yọrí dànù, mo fi pílásítà tuntun kún èyí tó sá sẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣe tán, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń retí alábẹ̀wò. Mo tún ń súfèé. Mo wá ṣe àwo eyín lé e lórí, mo dán an, mo fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi Tíṣà síbẹ̀ ná, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Bàbá Eléyín ni wọ́n ń pè mí ní Ayétòrò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Oko bàbá mi ní Ìmàṣàyì ò gba gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan sì mọ Ọ̀gá Dáúdà tó ń ṣe eyín ní Ìlaròó, ló bá fà mí lé e lọ́wọ́. Ti owó iṣẹ́ ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Dáúdà kì í na ọmọ iṣẹ́. Ì bá sàn kó máa nà wá. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbàgbé nǹkan kan. Tó o bá gbé iṣẹ́ tó ò ṣe dáadáa fún un, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á rọra gbé e padà síwájú rẹ, á ní, “Ta ló ni ín?” Ìbéèrè yẹn nìkan ni. Kì í ṣe pé kò mọ orúkọ oníbàárà. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé ṣé ìwọ mọ ẹni tí nǹkan tó o fọwọ́ pa lára yìí máa gbé sẹ́nu, tó máa fi jẹ iṣu, tó máa fi bá aya rẹ̀ jà. Mo ti gbọ́ ‘Ta ló ni ín?’ lójú oorun rí, mo jí, mo dáhùn, ìyàwó mi sì bi mí léèrè ohun tí mo jí gbé.

Ní gbogbo ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, pílásítà pípò ni mo ń ṣe. Ẹ rò pé ìyẹn ò ní ẹ̀kọ́ nínú? Omi lo máa kọ́kọ́ bù sínú abọ́, kó o tó máa wọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Tó o bá kánjú da omi lé ìyẹ̀fun, ihò á kún inú ẹ̀ bí àkàrà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá á kó oríṣiríṣi ẹnu pílásítà jọ, á da aṣọ bò wọ́n, á ṣí ọ̀kan, á ní kí n wò ó dáadáa. Á tún dà wọ́n pọ̀ mọ́ra, á ní kí n wá ti àkọ́kọ́ yẹn jáde. Wọn ò kọ orúkọ sí ìdí wọn o. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni mo fi ń ṣọ́ra fún Ọ̀gá.

Òfin kan tún wà tí Ọ̀gá kì í jẹ́ ká rú: “Ẹnu kì í ṣe tiwa. Dókítà ló ni ẹnu, pílásítà ni tiwa. A kì í fi kún un, a kì í dín in kù.” Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe àìmọ̀ ló bá mi. Mo mọ òfin. Mo kàn rò pé mo gbọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Tíṣà.

Àwo eyín tí mo ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ìwàásù kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò dúró de dókítà. Ó fi sẹ́nu, kò wọlé. Ó tún tì í, kò wọlé. Níbi tí eyín rẹ̀ tó sá sẹ́yìn wà, èmi ti fi àwo dí i, torí pé lórí pílásítà tèmi, eyín yẹn ti bọ́ síwájú dúró lórí ìlà. Tíṣà wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ó wọlé. Kò sì jáde mọ́.

Wọ́n ní ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí ìrònúpìwàdà. Gbogbo ‘ẹ̀ṣẹ̀’ tí Tíṣà ń pè, fèrè ló ń fọn. Àwọn ọmọ kéékèèké wà lábẹ́ àga, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ.

Lọ́jọ́ kejì ló wọlé tọ̀ wá wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì. Ọ̀gá ní kó ya ẹnu. Ó wo inú ẹnu, ó wo pílásítà tó wà lórí pẹpẹ, ó tún wo inú ẹnu. Ó gbé pílásítà náà síwájú mi.

“Ta ló ni ín?”

Mo ní, “Tíṣà ni, sà.”

“Rárá o. Eléyìí kì í ṣe Tíṣà. Bóyá àbúrò Tíṣà tí wọn ò tíì bí ni.”

Tíṣà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìrora, fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ọ̀gá sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gé àwo náà yọ. Àwo náà ti tú eyín rẹ̀ kan nídìí, eyín náà ń mì díẹ̀díẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá yóò dúró. Mo ń gbààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n gbà. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi Ọ̀gá pé, “Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?” Eyín náà padà dúró. Nígbà tí Tíṣà wá gba àwo tuntun tí Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, bí eyín mi ṣe rí nìyí látìgbà tí mo ti fi wọ́n pààrọ̀ ti ọmọdé. Ẹlẹ́dàá tò wọ́n báyìí, ìwọ wá di alábòójútó ìlà?”

Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo rò pé Ọ̀gá máa lé mi. Gáréèjì Ìlaròó ló mú mi lọ. A dúró níbi tí tákísí Ayétòrò ti ń kó èrò. Ẹ mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ń kó sẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn màmá mẹ́rin tí wọ́n sanra dáadáa ti wọlé jókòó. Ọ̀kan bọ́ síwájú tí orúnkún rẹ̀ kan àga dírẹ́bà, èkejì fẹ̀yìn tì, ẹ̀kẹta yí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹrin gbé èjìká lé e.

Ọ̀gá ní, “Nínú àwọn mẹ́rin yìí, ta ló ṣẹ̀?”

Mo wò wọ́n. “Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀, sà.”

“Kí ló wá dé tí wọn ò jókòó dáadáa?”

“Wọ́n fẹ̀, sà. Ìjókòó ò sì gùn tó.”

“Ẹnu Tíṣà nìyẹn. Eyín rẹ̀ fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, egungun àgbọ̀n rẹ̀ ò gùn tó o. Tún wo ìrísí wọn. Ẹni tó fẹ̀ léjìká tí àyà rẹ̀ sì pẹlẹbẹ, tí ẹlòmíì bá ti fara tì í, á yọ̀ gẹ̀rẹ̀ kọjá. Ẹni tó nípọn láti àyà dé ẹ̀yìn, ẹ tì í títí, á jókòó sáyè ẹ̀. Eyín náà nìyẹn. Èyí tó pẹlẹbẹ bí irin ọkọ́, tó fẹ̀ lókè tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, kì í pẹ́ yẹ̀.”

Mo rò pé mo ti lóye tán. Mo ní, “Kí ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, sà.”

Ọ̀gá wò mí. “Ìwọ lo máa sọ fún un?”

Mo wo màmá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mi ò ní lè sọ fún un.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, tákísí mìíràn kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kó, síbẹ̀ wọ́n tún wọ́ra, wọ́n há mọ́ ara wọn. Ọ̀gá fi ìka han mí, ó ní, “Wo ìyẹn náà. Kì í ṣe fífẹ̀ nìkan. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé o lọ ń sọ káàkiri pé fífẹ̀ nìkan ni.”

Láti ọjọ́ náà ni àìsàn kan ti mú mi: mi ò lè wo ojú èèyàn mọ́, eyín ìsàlẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n á ní kí n wá kí ìyá ọmọ, ẹnu ìyá ọmọ ni mò ń wò. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyàwó mi, àwọn àna rò pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n gbójú sókè. Nínú oko bàbá mi, tí mo bá bó àgbàdo, mo rí i: eléyìí, ọmọ rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n kùkù rẹ̀ gùn, wọ́n tò, eléyìí, kùkù kúrú, ọmọ ń gun ara wọn.

Ìbẹ̀rù náà ò sì kúrò. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo pílásítà tó bá ti ní eyín tó wọ́ra nísàlẹ̀, mo máa ń gbé e tì fún ìgbà díẹ̀, màá lọ mumi, màá padà wá, kí n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Àyà ló ń já mi.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Orí sítóòfù kẹrosíìnì la ti ń se àwo eyín nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń dán an. Iná mànàmáná dé, a jọ̀wọ́ ẹsẹ̀. Iná máa ń lọ, a tún wá ẹsẹ̀. Lónìí, kámẹ́rà tó rí bí bírọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kì bọ ẹnu èèyàn, ẹnu á sì yọ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ń tẹ eyín jáde bí ẹni tẹ ìwé. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń lò ó pé tí èèyàn bá fẹ́ gbẹ́ eyín tó yọrí dànù níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní, “Kíákíá ni, Bàbá, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì kan ni.” Bọ́tìnì kan! Ọ̀bẹ tèmi ṣì fún mi láyè láti ronú, bí mi ò tiẹ̀ lo àyè náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò mi nígbà tó wà lójú mi, mo mọ̀ pé ó ti tó, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀rù náà fẹ̀yìn tì pẹ̀lú mi. Irọ́ ni.

Lọ́dún yìí ni àbúrò mi obìnrin, Màmá Ṣadé, mú ọmọ rẹ̀ wá láti Agosasa. Ṣadé ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó ń yá mọ́ èèyàn ni, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹnu ọmọ yín. Ọkùnrin kan wà lọ́nà bọ́dà tó máa ń yọ eyín. Ó ní tí òun bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́rin iwájú ìsàlẹ̀ yẹn tó wọ́ra, àwọn mẹ́ta tó kù á nasẹ̀. Mo ti ní kó máa retí wa. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ bi yín ni. Tí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé ó ń dùn ọ́?” Mo bi Ṣadé.

“Kò dùn mí, Bàbá. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n ń jà lẹ́nu mi ni. Ta ló máa jẹ́ kí tíṣà tí eyín rẹ̀ ń jà kọ́ ọmọ òun?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo mọ Tíṣà kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ẹ̀rù bà mí. Eyín ilé wa ni: fẹ̀, pẹlẹbẹ, irin ọkọ́ mẹ́rin. Lórí pílásítà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan. Ọ̀bẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe eyín ọmọdé tí a ń jù sórí òrùlé, tí a ń sọ pé kí aláǹgbá má rí àlàfo ẹ̀ kí òmíràn lè hù. Èyí tó bá kúrò, ó kúrò nìyẹn. Gbogbo Ayétòrò sì ń pè mí ní Bàbá Eléyín! Tí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́, tí ẹnu ọmọ bàjẹ́ ńkọ́? Tí mo bá ní kí wọ́n má yọ ọ́, tó ń fọwọ́ bo ẹnu títí tó fi dàgbà ńkọ́? Mo ní, “Mò ń bọ̀,” mo lọ sí ṣáláńgá. Mi ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Mo kàn dúró.

Nígbà tí mo jáde, mo ní, “Ẹnu kì í ṣe tiwa. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín la ń lọ, ní Abẹ́òkúta.”

Àbúrò mi ní, “Látọdún tí ẹ ti ń ṣe é?”

“Látọdún tí mo ti ń ṣe é ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Wọ aṣọ rẹ.”

Èmi, àbúrò mi, Ṣadé àti ọkùnrin kan tó tóbi bí àpò gàrí la jókòó sẹ́yìn tákísí. Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn. “Màmá, ẹ bọ́ síwájú díẹ̀. Bàbá, ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ẹ̀gbẹ́.” Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtàn gáréèjì Ìlaròó fún wọn, látorí Tíṣà títí dórí màmá tí mi ò lè ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ṣadé rẹ́rìn-ín títí, ọwọ́ lẹ́nu.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi wọn eyín kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó tún wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n ni mò ń làágùn, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń wọ̀n fún pósí.

Ó ní, “Eyín rẹ̀ fẹ̀ lóòótọ́, kò sì nípọn. Irú eyín bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọ́ra. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti rí eyín tó fẹ̀ tó tò, mo ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ́ra. Àgbọ̀n wà níbẹ̀, ètè àti ahọ́n wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀.” Ó kọjú sí mi. “Bàbá, ẹ ya ẹnu.”

“Èmi kẹ̀?”

Ó gbé jígí fún mi. Eyín ìsàlẹ̀ mi, tó tò nígbà èwe, ọ̀kan ti bọ́ síwájú! Gbogbo ayé mi, ẹnu ẹlẹ́nu ni mo ń wò.

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá. Bí a ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń sún mọ́ra, títí kan ẹni tí eyín rẹ̀ ò fẹ̀.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní a lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí Ṣadé sáà máa fọ àárín wọn dáadáa, torí eyín tó wọ́ra máa ń pa ìdọ̀tí mọ́. Ó ní òun lè fá ẹ̀gbẹ́ wọn díẹ̀, ìwọ̀n tí kò nípọn ju ewé ìwé lọ, kí òun wá fi wáyà rọra tò wọ́n. Ó ní nígbà mìíràn wọ́n máa ń yọ ọ̀kan, àmọ́ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń lọ ṣe lọ́nà bọ́dà.

Àbúrò mi ò gbọ́ yòókù. “Dókítà, ẹ sáà sọ fún wa. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni kó sọ̀ kalẹ̀?”

Dókítà wò mí. Àbúrò mi wò mí. Mo wá gbogbo ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí, kì í tilẹ̀ ṣe tèmi.

Mo ní, “Ta ló ni ín?”

Ṣadé gbé jígí náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó ya ẹnu, ó wò wọ́n dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín. Jígí wà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì wà lórí itan rẹ̀.

“Èmi ni mo ni wọ́n, Bàbá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti sanwó ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀.”